Ohun Tí Mo Rí Lójú Bàbá Mi

Òórùn fóòmù tuntun ni mo fi ń rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sùn ní Ìkàrẹ́. Àwọn òbí wa ti ra fóòmù fún gbogbo wa, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì kúrò lára rẹ̀, wọ́n wá tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin nínú yàrá gígùn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn fọ ilẹ̀ rẹ̀. Òórùn yẹn dà pọ̀ mọ́ ti ọṣẹ àti ti ẹja gbígbẹ tí àwọn ìyá há sáàárín aṣọ nínú àpótí wa, ó sì gba gbogbo inú ilé kan. Lẹ́yìn fèrèsé, àpáta ńlá kan dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná bí ẹni ń ṣọ́ wa. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, òkè kì í ṣe nǹkan tuntun lójú mi, orí òkè ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ òkè tiwa, mo mọ ibi tí ewúrẹ́ ń gbà gùn ún, mo mọ ibi tí omi ń dúró sí lára rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ti Ìkàrẹ́ yìí, bí mo ṣe ń wò ó, ńṣe ló dà bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí.

Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ni pé mo mọ̀wé. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ládùúgbò wa nìyẹn, pé ọmọ àáfà yẹn mọ̀wé. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi parí kíláàsì kẹta ní iléèwé girama l'Ọ́kà, kò sẹ́ni tó gba ipò kìíní mọ́ mi lọ́wọ́. Bí tíṣà bá ń béèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ti máa ń wà lókè kó tó sọ ọ́ tán. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé iléèwé ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ìkàrẹ́ fẹ́ gba àwọn ọmọ tuntun, ọ̀gá iléèwé wa fúnra rẹ̀ ló wá bá bàbá mi nílé. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń ti Òkè-Àgbè wá ṣe é, wọ́n ń ti Ìṣùà wá, wọ́n ń ti Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ wá, àwọn tí wọ́n sì ń dá padà sílé pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń gbà lọ fíìfíì.

Bàbá mi ní ilé-kéwú kan níwájú ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àìlà, àwọn ọmọ àdúgbò á jókòó sórí ẹní níbẹ̀, wàláà á wà lórí itan wọn, ohùn wọn á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá mi. Bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ nìkan lo máa rí tó ń mì, o ò ní gbọ́ ohùn kankan. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí sọ fún un pé kò yẹ kí ọmọbìnrin kúrò lójú òbí rẹ̀ ní irú ọjọ́ orí yẹn, pé Ìkàrẹ́ kì í ṣe ilé. Ó gbọ́ wọn tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jẹ́ kí n lọ. Ohun kan ṣoṣo tó bá mi sọ ni pé kí ìrun má bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ló rán aṣọ iléèwé mi. Ó rán an kó tóbi díẹ̀, ó ní mo máa dàgbà bá a.

Mi ò pẹ́ rárá níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Kò sẹ́ni tó wà nínú kíláàsì wa tí kì í ṣe ẹni kìíní níbi tó ti wá. Tíṣà físíìsì á kọ ìṣirò sójú pátákó, kí n tó kà á dé ìlà kejì, àwọn kan ti rí ìdáhùn, wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn bóyá ọ̀nà mìíràn wà tó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí ẹ̀gbọ́n wọn ti kọ́ gbogbo ìwé náà fún wọn láti ilé. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ á máa fi bí àwa ọmọ Ọ̀kà ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò fi ìkà ṣe é, àmọ́ ó tó láti mú kí èèyàn ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́. Ọwọ́ mi tó máa ń lọ sókè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nígbà tó yá, kò lọ sókè mọ́.

Ọmọ Ìṣùà kan ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè tèmi. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn kì í ṣe Yorùbá, iléèwé ló ti kọ́ Yorùbá bí èmi náà ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò bẹ̀rù pé kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà wo ni wọn ò tíì fi òun rẹ́rìn-ín. Òun ló máa ń jí mi kí agogo tó lù. Bó bá ń ka ìwé kẹ́mísírì, èdè ìyá rẹ̀ ló fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èmi á sì máa gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ èdè náà nínú mọ́tò, ara mi á kọ́kọ́ rọ̀ ná kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Ní ìparí táàmù àkọ́kọ́, wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni ìkẹyìn. Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ mi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i. Mo wá a bọ̀ nílẹ̀, mo wá a bọ̀ nílẹ̀, títí mo fi ní láti lóṣòó. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi kò tó ohun tí èèyàn ń sọ. Mo lọ sẹ́yìn táńkì omi, mo sunkún títí orí fi ń fọ́ mi. Ọmọ Ìṣùà wá mi débẹ̀, kò sọ pé kí n dákẹ́, ó kàn jókòó tì mí, ó ń bó ẹ̀pà, ó ń fi sí mi lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo dé ilé, mo sọ ipò tí mo gbà fún bàbá mi. Mo ti múra sílẹ̀ láti sọ fún un pé mi ò fẹ́ padà mọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sí iléèwé girama tiwa. Ó gbọ́ iye tó jẹ́, ó wá bi mí bóyá oúnjẹ tí wọ́n ń fún wa níbẹ̀ ń yó mi. Mo ní ó ń yó mi. Ó ní ìyẹn dára. Kò tún sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fà á, àmọ́ lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ tí mo dì sínú pé mi ò ní padà kò rí ọ̀nà jáde lẹ́nu mi.

Táàmù kejì ni mo tó mọ tíṣà báyọ́lọ́jì wa dáadáa. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí kì í gbé ohùn sókè, tó sì máa ń rìn yí ká yàrá làbù bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n lọ gba ojú màlúù wá lọ́wọ́ àwọn alápatà ní ọjà Ìkàrẹ́. Wọ́n pín in fún wa nínú àwo, méjì méjì. Ó ní ká ya àwòrán rẹ̀, ká sì kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, nítorí mo ti há àwòrán ojú tó wà nínú ìwé sórí látòkèdélẹ̀. Mo yà á róbótó, mo fa ìlà rẹ̀ tónítóní, mo kọ gbogbo orúkọ sí i láìṣi ọ̀kan.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ìwé mi, ó wo àwo mi. Ó ní, "Kí lo yà síbí?"

Mo ní, "Ojú màlúù ni, Mà."

Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Mo tún wo àwòrán mi. Ó gbé ìwé mi sún mọ́ àwo náà. Lóòótọ́, èyí tó wà nínú àwo kò róbótó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹlẹbẹ, ọ̀rá rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹran pupa kan sì yọ lára rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí àwọn tó kù má baà gbọ́, ó ní, "Ohun tó o mọ̀ lo yà. Ohun tó o rí ni mo ní kó o yà. Jókòó tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yà tiwọn tán, wọ́n fà á lé e lọ́wọ́, wọ́n sáré lọ jẹun ọ̀sán. Èmi àti àwo mi nìkan ló ṣẹ́ kù, àti tíṣà tó ń to àwọn ìgò sórí pẹpẹ, tí kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ́kọ́ ń bínú. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń wò ó ṣáá, ìbínú náà lọ láìjẹ́ pé mo lé e. Mo fi abẹ la ojú àkọ́kọ́. Omi kan tó ki bí omi ilá tú jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́ńsì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó mọ́ gaara, ó dà bí ẹ̀kán omi tí kò fẹ́ ṣàn. Mo gbé e lé orí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sórí tábìlì, àwọn lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tóbi sí mi lójú. Mo la ojú kejì. Lẹ́ńsì tirẹ̀ funfun, ó ki díẹ̀ láàárín bí omi ògì. Mo gbé òun náà lé orí ìwé ìròyìn, mi ò rí lẹ́tà kankan.

Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo pe tíṣà. Ó wá, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní kò bàjẹ́, ó ní màlúù tó ti dàgbà ló ni ín, ohun tó yẹ kó mọ́ gaara ti ṣú, ìmọ́lẹ̀ kò lè gbabẹ̀ kọjá mọ́. Ó ní ó máa ń ṣe ọmọ aráyé pẹ̀lú bí wọ́n bá ń dàgbà, pé bí ìyókù ojú náà kò bá ní àléébù, dókítà lè yọ lẹ́ńsì tó ṣú náà kúrò, kí ẹni náà sì tún ríran. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn àwo tí àwọn tó kù fi sílẹ̀, ó wo tèmi, ó ní, "Ìwọ nìkan lo dúró tó láti rí i."

Èmi tí mo ti gba oríṣiríṣi ẹ̀bùn nítorí pé mo yára, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ yìn mí nítorí pé mo falẹ̀. Nǹkan kan tú sílẹ̀ lára mi. Mi ò dédé di ẹni tó mọ̀wé jù ní kíláàsì, mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mi ò sáré mọ́. Bí ìṣirò bá wà lójú pátákó, mo lè jókòó tì í bí mo ṣe jókòó ti ojú màlúù yẹn, kí àwọn tó ń jiyàn máa jiyàn wọn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Ìsinmi táàmù kejì ni mo padà sí Ọ̀kà. Ọ̀nà náà kò jìn, ńṣe ló kàn ń yí lára òkè, mo sì ń wo gbogbo nǹkan láti ojú fèrèsé mọ́tò bí ẹni tí kò gbabẹ̀ rí. Ọ̀sán gangan ni mo wọlé. Ẹní kò sí lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ kéwú kò sì sí níbẹ̀. Bàbá mi jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, àmọ́ ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín sí àlejò ni. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ìgbà tí mo lanu ni ojú rẹ̀ tó yí padà, tó na ọwọ́ sí mi.

Ká ní ìgbà ìsinmi táàmù àkọ́kọ́ ni, bóyá mi ò ní kà á sí. Àwọn ará ilé ní ooru ti ń mú àáfà, ló fi sún kéwú sí ẹ̀yìn ìrun Àlááṣárì, tó sì kó àwọn ọmọ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Èmi kàn ń wò. Mo rí i pé tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá a kiri nílẹ̀ kó tó kan búútà. Mo rí i pé tí ọmọ kan bá gbé wàláà wá fún un láti wò, kò ní wò ó, á ní kí ọmọ náà kà á sí òun létí. Kùránì tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kì í ṣí kúrò lójú ìwé kan, bẹ́ẹ̀ ni kéwú rẹ̀ ń lọ geere láìṣì. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ńṣe ló ń rìn fàlàlà, ọ̀sán gangan tí oòrùn ń ràn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wá ilẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń bu omi sójú nínú àgbàlá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọ̀ bọ́ sí i lójú látẹ̀gbẹ́. Mo rí funfun náà láàárín dúdú ojú rẹ̀.

Mo lọ bá ìyá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní ojú bàbá ti ṣú. Ẹsẹ̀ ìyá mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́, bàbá mi ló ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tí àwọn òbí bá gbọ́ pé àáfà kò rí ìwé mọ́, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ síbòmíràn, pé ààwẹ̀ ń bọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń retí láti ka wáàsí ní mọ́sáláṣí àdúgbò. Ìyá mi ní òun ti bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí ọsibítù, bàbá mi ní Ọlọ́hun tó fún òun lójú ló ń gbà á padà díẹ̀díẹ̀, òun ò sì ní bá A jà. Ìyá mi fi etí aṣọ tó ń rán nu ojú, ó ní kí n má jẹ́ kó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Ó gbà mí ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí n tó lè dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú ti lọ tán, mo jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ẹ ń rí mi?"

Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ó wá ní, "Mo ń gbọ́ ọ."

Mi ò sunkún, mi ò tíì mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ojú màlúù fún un. Mo sọ bí àkọ́kọ́ ṣe mọ́ gaara tí lẹ́tà sì tóbi lábẹ́ rẹ̀, mo sọ bí ìkejì ṣe funfun tí ìwé ìròyìn sì ṣófo. Mo sọ ohun tí tíṣà wí pé wọ́n lè yọ ọ́. Alákọ̀wé ni bàbá mi lọ́nà tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀, kì í lè jókòó kó má béèrè. Ó bi mí bí lẹ́ńsì náà ṣe tóbi tó. Ó bi mí bóyá ó rọ̀ tàbí ó le. Ó bi mí ibi tó wà gan-an nínú ojú, mo sì fi ọwọ́ yà á sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé ó dá mi lójú pé òun á ríran?

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá. Ojú màlúù méjì péré ni mo tíì wò."

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, òun ò gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu mi rí, òun ti ń ronú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní Ìkàrẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé orí mi. Ó ní ká ní mo sọ pé ó dá mi lójú ni, òun ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí òun sì wọlé lọ sùn.

Kò gbà lọ́jọ́ náà ṣá. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìyá mi àti èmi ń fi ojú bá ara wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà kan ló pe ìyá mi, ó ní kó lọ bá òun béèrè ọjọ́ tí àwọn dókítà ojú máa ń rí èèyàn. Ó ní bó bá jẹ́ pé kádàrà ló ta aṣọ bo ojú òun, kádàrà yẹn náà ló gbé ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n ti ń la ojú màlúù wò.

Wọ́n wò ó ní ọsibítù ní Ìkàrẹ́, wọ́n sì ní kó lọ sí ọsibítù ńlá ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ojú òsì ti kọjá àtúnṣe, àìsàn mìíràn ti jẹ ẹ́ láti inú, àmọ́ ojú ọ̀tún ṣì ṣeé gbìyànjú. Mo ti padà sí iléèwé nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ fún un. Mi ò rántí ohunkóhun tí wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Tí mo bá forí balẹ̀ lórí ìrun, mi ò ní fẹ́ gbé e sókè mọ́. Ọmọ Ìṣùà, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, bá mi gbàdúrà lédè ìyá rẹ̀, ó ní èdè yẹn ni òun mọ̀ tó wúwo jù.

Awakọ̀ kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló gbé ìròyìn wá. Wọ́n pè mí sí géètì. Ọkùnrin náà kò kúrò nínú mọ́tò rẹ̀, àwọn èrò ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn máa lọ. Ó ní bàbá mi ti padà délé, ó sì rán òun pé kí òun sọ fún mi pé bàbá rí èèrà. Ó ní òun ò mọ ohun tó ní lọ́kàn o, bó ṣe ní kí òun sọ ọ́ nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí mọ́tò náà ti lọ tán, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, ọlọ́dẹ ẹnu géètì sì ń bi mí bóyá ẹnì kan kú ni.

Nígbà tí ọjọ́ ìbẹ̀wò pé, òun àti ìyá mi jọ wá. Mo rí wọn lókèèrè, ìyá mi gbé kúlà oúnjẹ, bàbá mi wọ awò kan tó nípọn bí ìdí ìgò. Mo sáré lọ kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde. Ó di èjìká mi mú, ó ń wò mí, ó wo iwájú orí mi, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tún wo iwájú orí mi padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọjá pẹ̀lú òbí wọn, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí díẹ̀. Ó wá ní, "O jọ ìyá mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún. Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ibẹ̀ ni mo tó mọ̀ bó ti pẹ́ tó tí ojú bàbá mi ti ń ṣú. Mo ti dàgbà tán, mo ti mú ojú ìyá rẹ̀ wọ̀, nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò sì tíì rí i rí.

Lẹ́yìn tá a jẹun, ó ní òun fẹ́ lọ kí obìnrin tó fi ojú màlúù hàn mí. Tíṣà wa wà ní làbù, ó ń tún ibẹ̀ ṣe. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí, tíṣà ń sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀, pé ọmọ yín ló jókòó tì í. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, tíṣà gbé máíkírósíkópù kan sójú fèrèsé. Ó bó awọ àlùbọ́sà kan tó fẹ́lẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó ní kí bàbá wá wò ó. Bàbá mi yọ awò rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo lé e. Tíṣà ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí bàbá mi fi gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ti rí i tó ń ka ìwé rí, mo ti rí i lórí ìrun, mi ò rí i kó dákẹ́ báyẹn rí. Ó ní òun rí ilé, òun rí yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, bíríkì lórí bíríkì, pé kí ni. Mo ní àlùbọ́sà ni. Kò gbórí sókè.

Ó ní, "Gbogbo èyí wà níbẹ̀ ká tó wò ó?"

Tíṣà ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

Ó ní, "Súbúhánallọ́hì," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni wà nínú mọ́sáláṣí. Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa ìyá mi lọ́wọ́ pé kóun náà wá wò ó. Ìyá mi ní òun ò ní lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní kó fara balẹ̀, kó má pa ojú dé. Bí mo ṣe rí àwọn méjèèjì nìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí fèrèsé làbù ní iléèwé tó mú mi sunkún lẹ́yìn táńkì omi, bàbá mi ń kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń wo àlùbọ́sà.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Bàbá mi fi ojú kan yẹn ka wáàsí ààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, awò rẹ̀ lé imú, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ìkejì kò ríran. Kò sí òbí kan tó mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi í bóyá káwọn jẹ́ kí tiwọn ṣe ìdánwò Ìkàrẹ́, á sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè bóyá ó fẹ́ lọ. Ojú yẹn ló fi wo ọmọ mi àkọ́kọ́ nígbà tí mo gbé e wá hàn án. Bàbá mi ti kú báyìí. Ọmọ Ìṣùà wá síbi ìsìnkú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì jókòó tì mí bó ṣe jókòó tì mí nígbà yẹn, láìsọ pé kí n dákẹ́.

Àwọn èèyàn tí mo bá sọ ìtàn yìí fún máa ń rò pé mo di dókítà ojú. Mi ò di dókítà. Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń yẹ omi kànga àti omi ẹ̀rọ wò kí àwọn èèyàn tó mu ún, iṣẹ́ tí kò lókìkí rárá, tó sì gba sùúrù. Mi ò gba ipò kìíní padà títí mo fi jáde ní iléèwé yẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ṣíwọ́ wíwá orúkọ mi láti òkè. Wọ́n gba ọmọbìnrin kan wọlé níbẹ̀, èmi àtijọ́ tó ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan, mi ò mọ ibi tó lọ, mi ò sì wá a. Èyí tó jáde ni èyí tó lè jókòó ti nǹkan títí nǹkan náà á fi yọjú sí i. Mo ti wo oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà náà, nínú gíláàsì àti lójú lásán. Bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí.